Onímọ̀ọ́tótó Inú Ilé

Ní Agbonou lẹ́bàá Atakpamé ní Togo, ẹnikẹ́ni kì í bẹ ológbò níṣẹ́ aṣọ fífọ̀, síbẹ̀ òun ló máa ń ṣe alábòójútó. Ẹ da ọṣẹ Omo sómi, ẹ kán Javel tó ń mú aṣọ funfun sí i, ọ̀gá á ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Òórùn Javel tiẹ̀ máa ń fa àwọn ológbò kan mọ́ra. Ìmọ́tótó rẹ̀ ló fẹ́ pa á: ohunkóhun tó bá kan irun rẹ̀, ahọ́n ló fi ń nù ún, á sì gbé e mì. Ẹ dé ike Javel pa, ẹ bo abọ́ aṣọ. Bí Javel bá ti ta sí ológbò lára, ẹ fi omi lásán ṣàn án, kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ má rọ epo pupa sí i lọ́fun bí ẹ̀rọ̀ májèlé. Ológbò kì í ṣe ẹ̀wà.