Ẹ̀fọ́ Àfẹnurò

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2025, ni Florida na Yunifásítì Houston ní àṣekágbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní San Antonio, 65 sí 63. Nígbà tó fi máa di Sátidé tí a pàdé níbi ìkómọ kan lẹ́bàá òpópónà Bissonnet ní Houston, ojú àwọn ọkùnrin tó wà ní tábìlì wa ṣì dà bí ojú ẹni tí wọ́n jí mọ́tò rẹ̀ gbé. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń wa tírélà ló fi ẹran ṣàlàyé bí nǹkan ṣe bàjẹ́. Ó fa àwo ìrẹsì mọ́ra, ó ní pápá nìyí. Ṣàkì ni ọmọ tiwa, pọ̀nmọ́ ni ọmọ Florida. Ṣàkì fò sókè láti ju bọ́ọ̀lù, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ló kù, pọ̀nmọ́ yọ sí i lójijì, ni ṣàkì bá jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù ń ta pọ́ún, pọ́ún, òfin ò sì gba ṣàkì láyè láti tún fọwọ́ kàn án. Ó ń wò ó bẹ́ẹ̀ títí aago fi dún. "Àmì 12 la fi wà níwájú wọn tẹ́lẹ̀ o!" ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó sì ju pọ̀nmọ́ sẹ́nu tìbínú-tìbínú.

Ẹ fetí sí "tiwa" yẹn dáadáa. Àwa mẹ́sàn-án la yí tábìlì náà ká. Ẹnì kan ṣoṣo ló tíì jókòó ní kíláàsì Yunifásítì Houston rí, sáà méjì péré ló sì lò níbẹ̀ kó tó sá lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbòmíràn. Àwa yòókù, inú ìlú la kàn ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ra fìlà pupa ilé-ìwé náà ní ọjà, tó sì ti dé e rìn ní òpópónà, ó ti di ọmọ onílé nìyẹn.

Ibi ìkẹ́dùn yẹn la wà tí ọ̀kan nínú wa fi ní, "Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ilé-ìwé tí ò ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ọkùnrin, ṣé ilé-ìwé nìyẹn?"

Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ṣáná sí pápá inú ọyẹ́.

Òótọ́ ni pé wọn ò ní in. Eré ìdárayá 17 ni ilé-ìwé náà ń náwó lé, 7 fún ọkùnrin, 10 fún obìnrin. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ wà nínú ti obìnrin, kò sí nínú ti ọkùnrin. Láti ìgbà tí wọ́n ti pín mọ́ínmọ́ín títí dìgbà tí onígbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í ká àga, a tú ilé-ìwé onílé-ìwé palẹ̀, a sì tún un tò. Ẹnì kan ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni àkọ́kọ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Òmíràn ní kí wọ́n fi tẹ́níìsì orí tábìlì kún un, torí àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n. Àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Minnesota kó dé ní họ́kì orí yìnyín ló kù, ní Houston níbí, níbi tí ọ̀dà títì ti ń lẹ̀ mọ́ sálúbàtà lóṣù kẹjọ. Èmi náà ò gbẹ́yìn. Mo ní ìjàkadì ni o. Mo tilẹ̀ ká apá agbádá sókè, kó lè hàn pé mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Kí àyè tó lè gba àwọn tuntun, àfi ká lé àwọn kan jáde. Gọ́ọ̀fù àwọn ọkùnrin la kọ́kọ́ dájọ́ ikú fún. "Àwọn olówó tó ń fi igi lé ẹyin kiri inú koríko," ni Ẹ̀gbọ́n wí, gbogbo tábìlì sì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà a pa lílúwẹ̀ẹ́ àwọn obìnrin, a pa softball, a pa fọ́líbọ́ọ̀lù. Ta ló ń wò wọ́n?

Ìgbà tí mo délé tí ọtí dá lójú mi ni mo rántí ohun kan. Gọ́ọ̀fù tí a pa yẹn, láàárín ọdún 1956 sí 1985, lábẹ́ kóòṣì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Dave Williams, ìgbà 16 ni Houston fi gba ife gbogbo Amẹ́ríkà nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn ọkùnrin tí a torí ẹ̀ ń bara jẹ́ láti ọjọ́ Ajé ò tíì gba ẹyọ kan. Ní 1983 wọ́n dé àṣekágbá, North Carolina State fi àmì méjì nà wọ́n, 54 sí 52. Ní 2025, àmì méjì náà ni. Ẹni tó gba ife 16 la ní kó jáde nílé.

Àwọn àgbà ní ẹnu dùn ún ròfọ́: ẹni tó ń fẹnu dáná, èéfín kì í kó sí i lójú.

Ẹ jẹ́ ká wọ ilé ìdáná lọ wò ó. NCAA ló ń ṣòfin eré àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Òfin wọn ni pé ilé-ìwé tó bá fẹ́ wà lókè téńté nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń há sábíyá sáré tí wọ́n sì ń pè ní ti ẹsẹ̀, eré ìdárayá rẹ̀ ò gbọdọ̀ dín ní 16, 8 ó kéré tán nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti obìnrin. Báwo ni wọ́n ṣe ń pé 16? Wọ́n ní ọgbọ́n kan tó dùn mọ́ mi púpọ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n sá, ẹ mú un lọ sáré gba inú koríko àti orí òkè nígbà ìwọ́wé, eré kan nìyẹn. Ẹ kó o sábẹ́ òrùlé nígbà òtútù kó tún sáré, ó di méjì. Ẹ mú un jáde sí gbangba nígbà tí oòrùn bá mú, ó di mẹ́ta. Ọmọ kan náà, ẹsẹ̀ kan náà. Ìyá mi ní ìkòkò ọbẹ̀, ó ní ìkòkò ìrẹsì, ó ní ìkòkò omi gbígbóná. Ìkòkò kan ṣoṣo ni o. Nínú eré 7 tí Houston ní fún ọkùnrin, sísáré nìkan kó mẹ́ta. Mẹ́rin péré ló ṣẹ́ kù, gọ́ọ̀fù tí a pa sì wà lára mẹ́rin yẹn. Ti obìnrin tí a pa mẹ́ta nínú 10 ńkọ́? Ó ku 7, kò sì tó 8 tí òfin ń béèrè. Ọdún 2023 ni Houston tó ráyè wọ Big 12, ọ̀kan nínú àwọn líìgì ńlá tí àwọn yunifásítì ti ń figagbága, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń kanlẹ̀kùn. A ti fẹnu lé wọn jáde níbẹ̀ kí wọ́n tó palẹ̀ àwo mọ́ níwájú wa.

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ọkùnrin tí a fi ṣe orí ọ̀rọ̀, ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ò fara sin. Láti 1972 ni òfin tí wọ́n ń pè ní Title IX ti sọ pé ilé-ìwé tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ ò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ ọmọbìnrin du ú. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nìkan ń kó ọmọkùnrin tó lé ní 100, eré obìnrin tó ń gba èrò tó bẹ́ẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n. Ọmọkùnrin 25 mìíràn tí ẹ bá tún kó wọlé láti fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ ní láti wá nǹkan fi dọ́gba lódì kejì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ńlá ní Texas ò fi ní in. SMU tó wà ní Dallas ní in. Àwọn ọmọ kékeré Houston Christian University náà ní in, nínú ìlú wa níbí, wọ́n sì ń gbá a lójú gbogbo ayé. Kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn ní tábìlì wa.

Owó tó jẹ́ epo ọbẹ̀ ńkọ́? Lọ́jọ́ Ajé yẹn gan-an tí ṣàkì jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù, adájọ́ kan ní California ń gbọ́ ẹjọ́ tí àwọn eléré ìdárayá pe NCAA. Ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ló fọwọ́ sí àdéhùn wọn: láti oṣù keje, ilé-ìwé lè máa sanwó fún àwọn ọmọ tó ń ṣeré fún un, ó lè tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là ní ọdún àkọ́kọ́. Ibi tí wọ́n ti ń wá irú owó yẹn, ibẹ̀ la fẹ́ kí wọ́n ti fa owó yìnyín yọ. Ní 2023, nígbà tí Houston lé kóòṣì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà wọn, Dana Holgorsen, àdéhùn tó wà nílẹ̀ fi hàn pé ó ṣì ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 14 dọ́là láti gbà, kó máa jókòó sílé. Ẹ wo ẹni tó jẹ ẹran inú ọbẹ̀ tí ò sọ̀rọ̀ rárá! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló tilẹ̀ ṣe mí láàánú jù. Ní 2012 wọ́n dìbò fúnra wọn pé kí wọ́n máa gba dọ́là 45 lọ́wọ́ àwọn ní sáà kọ̀ọ̀kan kí pápá tuntun lè dìde. Àwọn ọmọ tó ń jẹ núdùlù lálẹ́ ló fowó sínú ìkòkò. Àwa tí a wọ léèsì, a fi ìmọ̀ràn sí i.

Kí ẹ má bàa rò pé àwa ará tábìlì ìkómọ nìkan nirú èyí ń bá jà, ẹ sọdá sí Yunifásítì Rice, tí kò jìnnà rárá. Ní 2003, Rice gba ife baseball gbogbo Amẹ́ríkà, ife àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n gbà nínú eré kankan látìgbà tí wọ́n ti dá ilé-ìwé náà sílẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ alákòóso wọn háyà ilé-iṣẹ́ olùdámọ̀ràn McKinsey láti wá bá wọn wò ó bóyá ó yẹ kí àwọn ṣì máa ṣeré ní ipò ńlá, bóyá kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nù. Àwọn amòye kó ìwé dé, wọ́n to ọ̀nà oríṣiríṣi sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ka gbogbo rẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà. Ìdajì kejì òwe wa nìyẹn, agada ọwọ́ dùn ún ṣánko. Agada ti Rice kàn jẹ́ èyí tí wọ́n fowó rà ni. Pápá wọn náà, tí wọ́n kọ́ ní 1950 fún èrò bí 70,000, ni Ààrẹ Kennedy dúró sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1962, tó béèrè pé kí ni Amẹ́ríkà ń wá lọ sórí òṣùpá, kò sì tíì mí kanlẹ̀ tó fi tún béèrè pé kí ló dé tí Rice ń bá Texas gbá bọ́ọ̀lù. Èèyàn dé orí òṣùpá ní 1969. Ìbéèrè kejì ṣì wà nílẹ̀.

Ní tábìlì wa, níkẹyìn, ọ̀rọ̀ dórí Hakeem. Kò sí bí Yorùbá ṣe máa jókòó pọ̀ ní Houston kí ó má dórí Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ Èkó tó di ìràwọ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Houston. Ẹ̀gbọ́n ní ṣebí bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ni Hakeem ń gbá l'Ékòó, ó sì tún ń ṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ká ní ilé-ìwé yìí ní bọ́ọ̀lù gidi nígbà yẹn, ìwòyí la bá máa gbé e gẹ̀gẹ̀! Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ní 1980, nígbà tí ọmọ àwọn oníṣòwò sìmẹ́ǹtì yìí balẹ̀ sí Houston, kò sẹ́nì kankan tó wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú; wọ́n ní kó wọ takisí máa bọ̀. Ká ní irú tábìlì tiwa ló gbà á lálejò, à bá ti dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá sílẹ̀ fún un kí ilẹ̀ tó mọ́, Rockets, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ìlú wa, ì bá sì máa wá ife 1994 àti ti 1995 kiri títí dòní. Kóòṣì Guy Lewis ti Yunifásítì Houston kàn mú un lọ sídìí apẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹnu èyí la wà tí mo gbọ́ kó, kó, kó lórí táìsì. Ọmọbìnrin kan ló wọlé, ọmọ ọdún 15, ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún, bàtà bọ́ọ̀lù onírin lẹ́sẹ̀, irun rẹ̀ ni wọ́n dì sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàsán, sà." Ó yíjú sí ẹni tó dá ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. "Dádì, Mọ́mì ní kí ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀."

Bàbá náà na kọ́kọ́rọ́ sẹ́yìn láì wẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀. "Bí wọ́n bá ti ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ báyìí, ọmọ mi á rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà níbẹ̀ ni!" Ọmọkùnrin rẹ̀ ló ń wí. Ọmọ ọdún 11 ni, abẹ́ tábìlì ló wà, fóònù ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù.

Inú bí mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Mo bi wọ́n pé ta ló tíì dé pápá Carl Lewis rí, níbi tí àwọn obìnrin Yunifásítì Houston ti ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, bọ́ọ̀lù gidi, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá. Kẹ́kẹ́ pa. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ fọhùn, ó ní ṣé Carl Lewis sáré-sáré yẹn náà ni, ibo ló tiẹ̀ wà? Mo ṣàlàyé ọ̀nà fún un. N kò fi kún un pé èmi náà ò tíì dé ibẹ̀ rí.

Ní Sọ́ńdè, mo pàdé ìyá ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló wà á lọ, ó dúró títí eré fi parí, kó tó lọ bá iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ó ní 3 sí 1 ni wọ́n fi borí, ọmọ náà ló gbá méjì wọlé.