Àwáwí Aránṣọ ní Ìlú Tí Iná Kì Í Sábà Kú

Nínú gbogbo ẹrù tí ọmọ Yorùbá máa ń dì bí ó bá fẹ́ lọ fi Côte d'Ivoire ṣe ibùgbé, kò sí èyí tí àwọn aṣọ́bodè ń bi í léèrè tó ẹ̀rọ ìránṣọ, nítorí pé irin ni, ó wúwo, bí wọ́n bá sì fi àpò ìrẹsì wé e, kò sí ohun tí ojú ẹni tó ń fura kò lè rò pé ó jẹ́. Láti Èjìgbò ní Ọ̀ṣun dé Abidjan, ẹnubodè mẹ́rin ni ẹrù náà ń là kọjá: Sèmè láàárín Nàìjíríà àti Benin, Hilla-Condji láàárín Benin àti Togo, Aflao láàárín Togo àti Ghana, àti Elubo tó kọjú sí Noé, níbi tí ilẹ̀ Côte d'Ivoire ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ ọ̀nà náà fi máa ń tú orí ẹ̀rọ kúrò lórí tábìlì rẹ̀, tí wọ́n á gbé orí nìkan lọ, tí wọ́n á sì fi tábìlì àti ẹsẹ̀ onírin sílẹ̀ fún àbúrò, ẹni tí yóò máa gbé tẹlifíṣọ̀n lé e.

Ìrìnàjò yìí kì í ṣe tuntun. Láti ìgbà ìjọba amúnisìn ni àwọn ará Èjìgbò, Ìnísà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú tó yí wọn ká ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀, tí àwọn onílé sì ń pe gbogbo wọn ní Anango láì bèèrè ìlú tí oníkálukú ti wá, bẹ́ẹ̀ ni Èjìgbò fúnra rẹ̀ di ìlú tí ènìyàn ti lè fi èdè Faransé ná tòmátì kí ojú má tì í. Nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìbò ọdún 2010, tí kò sì rọlẹ̀ títí wọ oṣù kẹrin ọdún 2011, ọ̀pọ̀ wọn sá padà wálé, ẹni tó bá sì jẹ́ aránṣọ nínú wọn tún ní láti tú orí ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó fi tábìlì kejì sílẹ̀ fún ará ìlú mìíràn.

Ibì kan tí irú aránṣọ bẹ́ẹ̀ lè fi ṣe ibùgbé ni Songon. Ó wà ní ìwọ̀ oòrùn Abidjan, lẹ́yìn Yopougon, lójú ọ̀nà tó lọ sí Dabou, ó sì jẹ́ àkójọ àwọn abúlé Ébrié, ìyẹn àwọn onílé tí wọ́n ń pe ara wọn ní Tchaman, bíi Songon-Agban, Songon-Kassemblé àti Songon-Dagbé, lẹ́bàá ọ̀sà tí wọ́n fi orúkọ àwọn ènìyàn náà pè. Attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, tí wọ́n fún omi rẹ̀, tí wọ́n sì fi ooru omi sè, wà lára iṣẹ́ àwọn obìnrin ibẹ̀, UNESCO sì ti fi ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kún àkójọ àjogúnbá tí kò ṣeé fọwọ́ kàn lóṣù kejìlá ọdún 2024, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Èjìgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣì lè pè é ní gàrí tí wọ́n gbàgbé láti yan. Ìlú ńlá ń tẹ̀ síwájú lọ sí apá ibẹ̀, àyè kò sì tíì há bíi ti àárín Abidjan, nítorí náà ni oníṣẹ́ ọnà aṣọ tó nílò yàrá gbòòrò fi lè gbà láti jókòó nínú gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tó jẹ́ ìbátan dáńfó ní ti ìwà àti ní ti ìpàriwo, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta òwú ní Adjamé.

Nínú ilé iṣẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ mẹ́ta ló yẹ kí ó wà. Àkọ́kọ́ ni ẹlẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí bẹ́líìtì sì ń gbé agbára láti ọ̀dọ̀ kẹ̀kẹ́ ńlá ìsàlẹ̀ lọ sọ́dọ̀ kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Èkejì ni èyí tí àwọn aránṣọ ilé ń pè ní índọ́sítríà, ẹ̀rọ oníná irú èyí tí Juki ti ilẹ̀ Japan ń ṣe, tó yára débi pé bí ọmọṣẹ́ bá sín nídìí rẹ̀, yóò ti rán apá bùbá mọ́ ọrùn kí ó tó la ojú. Ẹ̀kẹta ni wíífìn, tí àwọn ará Abidjan ń pè ní surjeteuse, tó ń fi òwú bo etí aṣọ kí ó má baà máa tú. Nínú méjì àkọ́kọ́, òwú méjì ló ń pàdé: ọ̀kan ń ti ojú abẹ́rẹ́ bọ̀ láti òkè, èkejì wà lára bọ́bìnnì, kẹ̀kẹ́ òwú kékeré tó fara pamọ́ sísàlẹ̀, bí abẹ́rẹ́ bá ti gún aṣọ lọ sísàlẹ̀, ìkọ́ kan á gbá òwú òkè mú, á yí i ká bọ́bìnnì, òwú méjèèjì á sì há mọ́ra wọn láàárín aṣọ. Bí òwú òkè bá le jù, aṣọ á súnkì. Bí ó bá dẹ̀ jù, òwú á máa ta kókó lábẹ́, aránṣọ á sì sọ fún oníbàárà pé sítáì tuntun ni.

Ọdún 1851 ni Isaac Singer gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, orúkọ rẹ̀ ló sì gbajúmọ̀ lẹ́nu àwọn aránṣọ Yorùbá títí di òní. Ṣùgbọ́n ará Faransé kan, Barthélemy Thimonnier, ti gba tirẹ̀ láti ọdún 1830, ó sì ti to ẹ̀rọ bí ọgọ́rin jọ ní Paris láti máa fi rán aṣọ ọmọ ogun, kí àwọn aránṣọ tó ya wọlé tọ̀ ọ́ lọ́dún 1831, tí wọ́n fọ́ wọn túútúú nítorí pé ẹ̀rọ náà fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ohun tó yẹ kí ó ya oníbàárà Yorùbá lẹ́nu nínú ìtàn yìí kì í ṣe pé wọ́n fọ́ ẹ̀rọ, bí kò ṣe pé aránṣọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè pé síbi kan náà lákòókò tí wọ́n dá.

Ọ̀rọ̀ iná ni ó wá ya ilé sọ́tọ̀ kúrò lára òkèèrè. Lákọ̀ọ́kọ́, índọ́sítríà tó bá ti Èkó wá kò ní í lè wọ ihò iná Songon, nítorí pé púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta pẹlẹbẹ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún Nàìjíríà, ihò méjì róbótó sì ni àwọn Faransé fi sílẹ̀ fún Côte d'Ivoire. Ọdún 1960 ni orílẹ̀-èdè méjèèjì gba òmìnira, ṣùgbọ́n lára ògiri, àwọn amúnisìn kò tíì lọ. Èyí kéré. Ìṣòro tó jinlẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti rí ohun tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀, iná náà kì í sábà kú.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ìdí tí èyí fi jẹ́ ìṣòro. Nílé, NEPA, iléeṣẹ́ mànàmáná tí ìjọba yí orúkọ rẹ̀ padà sí PHCN lọ́dún 2005, tí wọ́n sì tà fún àwọn aládàáni lọ́dún 2013 láì jẹ́ pé ará ìlú gbà láti pa orúkọ dà, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú irin iṣẹ́ aránṣọ. Bí aṣọ ìgbéyàwó kò bá tíì jáde lábẹ́ sísọ́ọ̀sì ní alẹ́ Jímọ̀, NEPA ló gbà á. Bí wọ́n bá gé apá òsì gùn ju ti ọ̀tún lọ, inú òkùnkùn ni wọ́n ti gé e. Ní Abidjan, iléeṣẹ́ CIE ló ń bójú tó iná láti ọdún 1990, orílẹ̀-èdè náà sì ń ta nínú iná rẹ̀ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ bíi Mali àti Burkina Faso, nítorí náà, oníbàárà tó bá wọlé tó ní, “Tonton, aṣọ mi dà?” ti fi fáànù àti fíríìjì sílẹ̀ nílé tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Aránṣọ tó dàgbà sínú NEPA á wá di ẹni tí wọ́n gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní láti kọ́ àwáwí tuntun: òjò, ọmọṣẹ́ tó sá lọ, gbaka tó yọnu lójú ọ̀nà, àti ìyá àgbà kan ní Èjìgbò tí ikú rẹ̀ ti wáyé ní àkókò ọdún Iléyá, ti Kérésìmesì àti ti Àjíǹde. Nígbà tí ọ̀dá iná dé lọ́dún 2021, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín in ní oṣù karùn-ún, ó yẹ kí ara tu irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọ́n tẹ àkókò tí agbègbè kọ̀ọ̀kan yóò fi wà lókùnkùn jáde, oníbàárà sì lè fi ìka tọ́ka sí i pé láti aago báyìí sí báyìí, iná wà lọ́dọ̀ yín. Àwáwí tó bá ti ní tíméètébù kò wúlò mọ́.

Ìwọ̀n pàápàá kì í ṣe ọ̀kan náà. Téèpù aránṣọ ní ojú méjì, íǹṣì níhìn-ín, sẹ̀ntímítà lódì kejì, aránṣọ Ìbàdàn sì lè lò ó títí yóò fi já láì yí i sódì. Ní Abidjan, òdì yẹn gan-an ni ojú. Ìyá tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ 42 ní Èjìgbò á dé Songon, wọ́n á wọ̀n ọ́n, ọmọṣẹ́ á sì ké 107 síta kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́. Kò sí àlàyé pé íǹṣì kan jẹ́ sẹ̀ntímítà 2.54 tó lè mú kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ewu tirẹ̀ tún wà lọ́nà kejì, nítorí pé nọ́ńbà tí ẹ̀gbọ́n bá fi ránṣẹ́ láti ilé lórí WhatsApp kì í sọ irú ìwọ̀n tó jẹ́, ọmọṣẹ́ tí wọ́n bí sí Abidjan tó bá sì gé síkẹ́ẹ̀tì oníbàdí 42 ní sẹ̀ntímítà ti ṣe aṣọ itan kan péré. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá kúrò lára ènìyàn tó dé orí aṣọ, yáàdì ló tún jọba: pagne kan jẹ́ yáàdì méjì, mẹ́ta nínú rẹ̀ jẹ́ complet, mẹ́fà sì jẹ́ pièce, ìyẹn yáàdì méjìlá, débi pé yáàdì àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló sá pamọ́ sínú ọjà àwọn tó ń sọ Faransé. Pagne mẹ́ta yìí ni wọ́n fi ń rán camisole, ìyẹn ẹ̀wù òkè tó ń lẹ̀ mọ́ ara, ìró, àti ẹ̀kẹta tí Yorùbá lè pè ní ìpèlé. Bùbá kì í bi ẹni tó wọ̀ ọ́ léèrè ohun tó jẹ lánàá. Camisole máa ń béèrè, ó sì máa ń fi bọ́tìnnì dáhùn.

Àǹkárá tí wọ́n ń rán kò jìnnà sí Songon, nítorí pé Yopougon ni iléeṣẹ́ Uniwax wà, ọ̀kan lára àwọn iléeṣẹ́ Vlisco, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Helmond nílẹ̀ Netherlands lọ́dún 1846. Àwọn obìnrin ọjà ni wọ́n ń sọ aṣọ wọ̀nyí lórúkọ, tí ọ̀rọ̀ ọkọ sì pọ̀ níbẹ̀: ọ̀kan ń jẹ́ “Ọkọ mi tó gbangba sùn lọ́yẹ́”, bí a bá fẹ́ fi Yorùbá gbé “Mon mari est capable” yọ, èyí tó ní àwòrán ẹyẹ àti àgò ń kìlọ̀ fún baálé pé bó bá jáde, ìyàwó náà á jáde. Nílé, àdìrẹ Ìbàdàndùn ń yin ìlú, ó sì gbé àwòrán òpó Mápó lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ yìí kò fi hàn pé ọkọ Yorùbá sàn jù. Ó lè jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi ń bá a sọ ọ́.

Ní ti aṣọ ẹbí, Ébrié kò kẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọjọ́ orí mẹ́rin ni wọ́n ní, Blessoué, Gnando, Dougbo àti Tchagba, bí ọdún ẹgbẹ́ kan bá sì kò, àwọn ẹbí á kó wúrà àti pagne jáde. Owó ńlá ni fún aránṣọ Anango, àmọ́ oníbàárà rẹ̀ kò ní í wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́, abúlé ni yóò wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà ti wọlé nìyí, nítorí pé bí iṣẹ́ bá ti ń pọ̀ ni àjákù aṣọ ń kó jọ sábẹ́ tábìlì aránṣọ. Yorùbá kò fi ojú àkísà wò ó láti ìgbà ìwáṣẹ̀: ẹ̀kú egúngún, tí wọ́n fi ọ̀já aṣọ oríṣiríṣi rán léra wọn, tí ìran kan sì ń fi tirẹ̀ kún ti ìran tó ṣáájú, ni gbogbo ẹni tó ń gán àjákù mọ́ àjákù lónìí ń tẹ̀lé ipasẹ̀ rẹ̀, ì báà mọ̀ tàbí kí ó má mọ̀. Ní Abidjan kan náà, Joana Choumali, tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ́dún 1974, ya fọ́tò ìlú Grand-Bassam lẹ́yìn ìkọlù àwọn agbésùnmọ̀mí ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2016, ó tẹ̀ wọ́n sára aṣọ, ó sì fi ọwọ́ gún òwú aláràbarà sí wọn. Iṣẹ́ náà, “Ça va aller”, gba ẹ̀bùn Prix Pictet lọ́dún 2019, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Gbólóhùn yẹn, pé nǹkan á dáa, ni ará Abidjan fi ń tu ara rẹ̀ nínú, òun náà sì ni aránṣọ fi ń dá oníbàárà lóhùn.

Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, bí aránṣọ Songon bá ń fà díẹ̀díẹ̀ sí aṣọ tí wọ́n ń fi kọ́ ara ògiri. Ará ilé tó bá bẹ̀ ẹ́ wò lè bèèrè egúngún tó ni ín, kí ó sì sún sẹ́yìn díẹ̀. Síbẹ̀, ògiri kò ní ìbàdí, kì í sanra láàárín ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n àti ìgbà tí wọ́n rán an, kì í sì í ṣe ìgbéyàwó ní Sátidé. Ìṣòro kan ṣoṣo tó kù ni onígálárì, tó ti dá ọjọ́ ìpàtẹ, tó sì ti ń pè láàárọ̀ láti bèèrè ibi tí iṣẹ́ dé, ẹni tí aránṣọ ń dá lóhùn pé ó ti parí, etí rẹ̀ ló kù tí wọ́n máa wíífìn.