Igba Ojú, Ọwọ́ Mélòó?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú méjì ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Àwọn mìíràn a máa pa á pé ẹnì kan ní í bíni, igba ènìyàn ní í woni, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni méjèèjì já sí, èyí ni pé ẹni tí ó rọbí kò gbọdọ̀ dá ru ẹrù títọ́ ọmọ. Igba, tí í ṣe 200, kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni jókòó kà. Ọ̀pọ̀ ni ó dúró fún, bí Ilé-Ifẹ̀ ti ń ka àwọn òrìṣà rẹ̀ sí ọ̀kànlénígba, ìyẹn igba ó lé ọ̀kan, bí ẹni pé wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí a gbàgbé láti kà. Ọ̀rọ̀ tí ó gbé òwe náà ró ni wò, ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré tí ó ní ìtumọ̀ méjì: èkíní ni kí a kọjú sí nǹkan kí a sì máa rí i, èkejì ni kí a tọ́jú nǹkan kí ó má baà bàjẹ́. Ìtumọ̀ kejì ni ó wà nínú ìwòsàn, tí í ṣe wíwo aláìsàn títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Èkíní ni ó wà nínú ìwòran, tí í ṣe wíwo ohun tí kò kan olúwarẹ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n pa òwe náà ní ìtumọ̀ méjèèjì lọ́kàn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ayé òde òní tí wọ́n jogún rẹ̀ ti mú èkíní, wọ́n sì ti dá èkejì padà fún ẹni tí ó bímọ.

Ní agbo ilé àtijọ́, ìyẹn ọ̀wọ́ ilé tí àwọn ìbátan ń gbé pọ̀ yí àgbàlá kan ká, ojú kì í rìn láìmú ọwọ́ dání. Ìyá ọkọ tí ó rí ọmọ tuntun ni ó ń wẹ̀ ẹ́, tí ó ń nà án ní apá àti ẹsẹ̀, tí ó sì ń fi òrí pa á lára. Ìyàwó ilé tí ó gbọ́ ẹkún ọmọ ni ó ń pọ̀n ọ́n, kò sì kọ́kọ́ béèrè ọmọ ta ni. Ìkíni tí Yorùbá ní fún abiyamọ jẹ́rìí sí i, nítorí "Ẹ kú ọwọ́ lómi" ni wọ́n ń sọ, ẹni tí ó sì ń kí i kì í pẹ́ ti ọwọ́ tirẹ̀ náà bọ omi. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, tí ó jáde ní 1974, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ka àfojúsùn méje fún ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀, ìwà ọmọlúàbí, ọ̀wọ̀ fún àgbà àti kíkó ipa nínú ọ̀ràn ẹbí àti ìlú wà nínú wọn, kò sì sí èyí tí ìyá kan lè ti ilẹ̀kùn mọ́rí fi kọ́ ọmọ. Èyí kò sọ pé agbo ilé dùn bí oyin nígbà gbogbo, nítorí ọwọ́ tí ó ń pọn ọmọ náà ni ó ń nà án láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ní igba ojú kò ní ṣàì ní igba ẹnu. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ nígbà náà ti gbé ọmọ ọ̀hún rí.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún obìnrin òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó bímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ, bí ẹni pé àwọn tí wọ́n kọ ọ́ gbà pé agbo ilé ṣì wà níbi tí ó wà, tí yóò tẹ́wọ́ gba ọmọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ 12 náà bá pé. Ṣùgbọ́n agbo ilé ti túká di fúláàtì. Ìyá ọkọ wà ní Òṣogbo, ìyá ìyàwó sì ti wọ bàálù lọ sí London lọ bá ọmọ rẹ̀ mìíràn tọ́jú ọmọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni abiyamọ tí ó ń gbé ní Ìkòròdú tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, tí ó bí ọmọbìnrin méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún 7, èkejì ọmọ ọdún 4, tí ọkọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, tí ó ń wálé ní ìparí oṣù. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni ọjọ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá tètè gun Afárá Third Mainland, tí gígùn rẹ̀ sún mọ́ kìlómítà 12, orí afárá ni ilẹ̀ yóò mọ́ bá. Láàárín wákàtí kan yóò gbé omi kaná, yóò jí ẹ̀gbọ́n, yóò gbé àbúrò tí kò fẹ́ jí lọ sí balùwẹ̀, yóò wá ìbọ̀sẹ̀ kan tí èkejì rẹ̀ ti wà lọ́wọ́, yóò bu ìrẹsì sínú kúlà méjì tí kò gbọdọ̀ ṣi èyí tí ó jẹ́ ti ẹni kọ̀ọ̀kan, yóò sì fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá tí òun fúnra rẹ̀ ti bá ọmọ ṣe ní alẹ́ àná nígbà tí oorun ti ń kun ọmọ náà lójú.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ irun. Ọmọ yóò jókòó sílẹ̀, ìyá yóò gbé orí rẹ̀ sí àárín orúnkún méjèèjì, òòyà yóò la irun náà láti iwájú dé ìpàkọ́, ìka yóò fi àdí pa ojú ìlà kọ̀ọ̀kan, ọmọ yóò ké, orúnkún yóò sì tún há mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Pàtẹ́wọ́ ni ẹ̀gbọ́n ń fẹ́, ìyẹn irun dídì tí a ń di láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá pàdé láàárín orí bí àtẹ́lẹwọ́ tí ó pàdé àtẹ́lẹwọ́. Ṣùkú ni àbúrò ń fẹ́, èyí tí a ń kó jọ sí àtàrí, kí wọ́n sì fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i tí yóò máa ró nígbà tí ó bá ń mi orí. Orí méjì gba ọ̀sán kan gbáko. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo ilé, ìbá ti rí ẹni tí yóò fa àbúrò mọ́ra nígbà tí ọwọ́ òun ṣì wà lórí ẹ̀gbọ́n. Ní fúláàtì, fóònù ni a gbé fún àbúrò kí ó lè dákẹ́.

Nígbà tí irun bá parí, fóònù náà ni yóò ya àwòrán. Ní oṣù Kejì 2017 ni WhatsApp gbé sítátọ́ọ̀sì tí a mọ̀ lónìí jáde, ìyẹn ibi tí ènìyàn ń gbé àwòrán sí fún wákàtí 24 kí ó tó pòórá, ní ìsàlẹ̀ àwòrán náà ni àmì kékeré kan sì wà tí a fi ń mọ iye àwọn tí wọ́n ti wò ó. Ojú ni àmì náà: ojú kan, nọ́mbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tíì sí onímọ̀ èdè tí ó túmọ̀ òwe àwọn àgbà ní kínníkínní tó báyìí. Bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá fi máa lù, nọ́mbà ẹ̀gbẹ́ ojú náà ti di 200, òwe ti ṣẹ, ìyá àwọn ọmọ sì wà ní balùwẹ̀ tí ó ń fọ aṣọ iléèwé méjì tí kò gbọdọ̀ má gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀rọ̀ ìkíni yóò máa wọlé: "Àwọn ìyàwó wa ti dàgbà o!" "Ẹ kú ìtọ́jú, Ìyá Ọmọge!" "Ọlọ́run á bá yín wò wọ́n o!" Àdúrà ńlá ni èyí tí ó kẹ́yìn, kò sì sí abiyamọ tí kì í ṣe àmín sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ yóò rí i pé igba ojú ti pín iṣẹ́: àwọn mú ìwòran, wọ́n sì ti fa ìtumọ̀ kejì lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Àwọn tí ó lawọ́ jù nínú wọn a máa fi àwòrán ọwọ́ aláwọ̀ ìyeyè méjì tí ó ń pàtẹ́wọ́ ránṣẹ́, ọwọ́ kan ṣoṣo tí ó sì dé ilé náà lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ojú tí kò ní ọwọ́ kì í ṣe aláìníṣẹ́, ṣáá, nítorí ó mọ̀ ọ́n kà. "Méjèèjì náà ni? Ọkùnrin ńkọ́?" ni ìbéèrè tí ó máa ń tẹ̀ lé ìyìn, ọ̀pọ̀ ìgbà láti ẹnu ẹni tí kò mọ orúkọ èyí tí ó jẹ́ àbúrò. Ìmọ̀ nípa ìbí ti fi hàn tipẹ́ pé àtọ̀ bàbá ni ó ń pinnu bóyá oyún yóò jẹ́ akọ tàbí abo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń pe Àbújá láti bi bàbá léèrè. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ogún ni ó ń ba àwọn olùbéèrè lẹ́rù, ilé-ẹjọ́ ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Lopez ní 1924 pé ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú ilé ẹbí lábẹ́ àṣà Yorùbá, èyí tí ó fi hàn pé àwọn tí wọ́n ń fi àṣà dẹ́rù ba ìyá ọlọ́mọbìnrin ti gbàgbé àṣà náà fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tí ó ń béèrè ọmọ kẹta kò sì tíì bá wọn mú ọ̀kan nínú méjì àkọ́kọ́ lọ sí iléèwé rí.

Kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru igba ojú, nítorí ìyá náà ní ìpín tirẹ̀. Instagram ní òfin pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 13 kò gbọdọ̀ dá ojú-ewé ní, síbẹ̀ àwọn ọmọ tí wọn kò tíì mọ ìdí ara wọn nù ní ojú-ewé níbẹ̀ ní orúkọ wọn, tí ìyá wọn ń bá wọn fi ẹnu ọmọdé kọ ọ̀rọ̀ sí. Ní ọjọ́ ìbí, a ó gbé àkàrà òyìnbó kalẹ̀, ọmọ yóò na ọwọ́, a ó ní kí ó dúró ná. Yóò rẹ́rìn-ín, a ó ní kí ó tún un rín nítorí pé ojú rẹ̀ dì. Nígbà tí àwòrán bá fi dára tán, àbẹ́là ti yọ́ sórí àkàrà, ọmọ sì ti sùn. Ọmọ ọdún 4 tí ó bá ṣubú tí ó sì kọ́kọ́ wo ibi tí fóònù wà kí ó tó sunkún ti mọ irú wíwò tí wọ́n ń wo òun. Àárẹ̀ ni ó sì ń sún ọ̀pọ̀ ìyá dé ibẹ̀, nítorí ẹni tí kò rí ẹni ràn án lọ́wọ́ yóò gba ìyìn gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́, bí ẹni tí ebi ń pa ti ń fi omi rọ́nú.

Ní aago mẹ́ta kọjá ọ̀sán, nígbà tí ìyá ṣì wà lórí tábìlì iṣẹ́ ní Erékùṣù, bọ́ọ̀sì iléèwé a sọ àwọn ọmọ méjèèjì kalẹ̀ ní orígun àdúgbò, ní iwájú ìsọ̀ ìyá aláta kan. Fóònù oníbọ́tìnnì tí tọ́ọ̀ṣì wà ní orí rẹ̀ ni obìnrin náà ń lò, kò lè ṣí àwòrán, nítorí náà a kò tíì ka ojú rẹ̀ mọ́ igba rí. Òun ni ó ń bọ́ aṣọ iléèwé lára wọn, tí ó ń fún wọn ní àpótí jókòó lẹ́yìn agbọ̀n tòmátì; òun ni ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n máa ń dá ẹran rẹ̀ sí fún àbúrò, ó sì mọ̀ pé okùn sálúbàtà àbúrò ti já láti ọjọ́ Ajé, nítorí òun ni ó fi ọ̀rá so ó. Ojú kọkànlénígba nìyẹn, èyí tí nọ́mbà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ìyá a máa fi ọwọ́ pa orí wọn kí òun náà tó dùbúlẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́rú, ìka rẹ̀ a kan ìlà kan nínú pàtẹ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, nítòsí etí, tí ó ti tú ní òwúrọ̀ tí kò sì sí àyè láti tún un ṣe kí bọ́ọ̀sì tó dé. Ìlà náà ti padà sí ipò rẹ̀, ó le ju àwọn yòókù lọ díẹ̀, ó sì ń rùn bí ata; ọwọ́ mìíràn ni ó dì í.