Ọ̀jọ̀gbọ́n Tẹ́rà

Ọ̀jọ̀gbọ́n Tẹ́rà ni ẹni tó máa ń sọ háàdì dìráìfù tó yẹ kéèyàn rà kó tó gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ó pọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà, ó tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ya fídíò ìgbéyàwó, kò sì sí ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ayàwòrán tí kò ti lẹ́nu. Kò ní ìsọ̀, kò tajà. Ìmọ̀ràn nìkan ló ní, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ̀yìn ni ìnáwó rẹ̀ ń bọ̀.

Tẹ́rà mélòó? Ìbéèrè rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹni tó bá dáhùn pé ọ̀kan, á wò ó tàánú-tàánú. Bí ẹni náà bá wá fẹjọ́ sùn pé gígábáìtì 931 péré ni Windows kà nínú tẹ́rà kan tóun rà, Ọ̀jọ̀gbọ́n á ní àwọn tó kó ọjà wọlé ti bù ú jẹ. Irọ́ ni. Ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ni àwọn tó ṣe dìráìfù fi ń ṣírò, 1,024 ni Windows fi ń ṣírò tirẹ̀. Báìtì kankan ò sọ nù. Ibi tí jìbìtì wà gan-an ni kì í rí. Dìráìfù tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n kọ tẹ́rà 16 sí lára, tí owó rẹ̀ kò sì tó ti bàtà, ó lè jẹ́ gígábáìtì 64 ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n kọ́ ọ láti purọ́ fún kọ̀ǹpútà. Fáìlì á máa wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ títí ààyè tòótọ́ á fi kún. Láti ìgbà náà lọ, ohun tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀ ń ṣègbé ni. Irú ọjà yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń júwe fún ọ̀rẹ́ gẹ́gẹ́ bí oríire.

Tó bá kan eré sísá, ẹnu rẹ̀ kì í gbẹ. SSD irú NVMe, tí kò ní àwo nínú, tó ń ka mẹ́gábáìtì 7,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló ní kí pásítọ̀ rà láti fi tọ́jú ìwàásù. "Dádì, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa lo yẹpẹrẹ." Bẹ́ẹ̀ fíìmù 4K tó wúwo jù lórí díìsì Blu-ray kì í béèrè ju mẹ́gábáìtì 20 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá. Háàdì dìráìfù lásán tí àwo inú rẹ̀ ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan ń ka ìlọ́po mélòó kan ìyẹn, owó rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti SSD. Ìwàásù tó wà ní ìpamọ́ kì í sáré lọ síbì kankan.

Ọmọ tó ń gbá géèmù lórí PS5 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wá ní kó ra háàdì dìráìfù aláwo, kó fi okùn USB so ó mọ́ ọn. Géèmù PS5 kì í ṣiṣẹ́ látorí ìyẹn. Ibẹ̀ kàn ṣeé kó o pamọ́ sí ni. Ọmọ náà wá di alágbàárù: á kó géèmù wọlé kó tó gbá a, á kó o jáde kí òmíràn lè ráyè.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ́dítì ló buru jù. Bí fídíò òde àríyá tí kámẹ́rà mẹ́ta yà bá wà lórí aláwo, ìka tó ń kàwé lórí àwo gbọ́dọ̀ máa fò látorí fáìlì kan sí èkejì. Àwòrán á máa ṣe gìdà, ìlù á ti lọ, ijó ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n á ní kí wọ́n fi kún RAM. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ló yẹ kó wà lórí SSD, kí èyí tó ti parí wá lọ sórí aláwo olówó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n àdàlù báyìí kò wù ú, ọ̀kan gìrìwò ló fẹ́ràn.

Ọ̀kan gìrìwò náà ló ń gbé kiri nínú àpò ẹ̀yìn lórí ọ̀kadà, ọdún mẹ́fà iṣẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí dìráìfù náà já bọ́ tó sì ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n ò bèṣù bẹ̀gbà: ó fi ọ̀rá wé e, ó tì í sínú fírísà láàárín ẹja títùsì, nítorí ẹnìkan ti sọ fún un pé òtútù ń jí i. Òógùn omi tó hù lára rẹ̀ nígbà tó jáde ló parí iṣẹ́ náà. Nínú gbogbo ìmọ̀ràn rẹ̀, kò tíì dárúkọ ẹ̀dà kejì rí: ẹ̀dà kejì kò ní iye kankan tí wọ́n ń kọ sára páálí.