Ta Ló Gba Òru Lọ́wọ́ Ìsápá?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ o. Wọ́n ti ń pè mí ní olófòófó tẹ́lẹ̀ nínú agboolé yìí, bẹ́ẹ̀ ibi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà mi ni ọ̀rọ̀ ti ń wá bá mi.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ ló kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ dé, ó ní òun fẹ́ fi ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìbàdàn dá oko permaculture. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ní oko tí nǹkan kan kì í ṣòfò ni. Èèpo iṣu, ewé ẹ̀kọ, ìgbẹ́ adìyẹ, ilẹ̀ ni yóò jẹ gbogbo rẹ̀. Kò ní sun koríko. Yóò gé e, yóò tẹ́ ẹ sídìí ọ̀gbìn. Oríṣiríṣi ni yóò sì gbìn pọ̀ sójú kan. Mo ní ehn, ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe náà ni òyìnbó sọ lórúkọ yẹn!

Ní Oṣù Kẹrin, ó gbin ìsápá sáàárín ẹ̀gẹ́. Funfun ni o, ti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, kì í ṣe pupa tí wọ́n fi ń ṣe sóbò. (Mo jẹ ọbẹ̀ ìsápá kan rí níbi ìsìnkú tí n kò ní dárúkọ. Wọn ò bọ̀ ọ́ dáadáa. Eyín mi kan títí di ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ẹran kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi.)

Ìsápá ga jù mí lọ. A ń já ewé rẹ̀ jẹ, à ń retí òdòdó. Nígbà tó di Oṣù Kẹwàá, àwọn tó wà lẹ́yìn balùwẹ̀ tanná, aláwọ̀ ìyeyè, tí í là láàárọ̀ tí í sì padé kí ọjọ́ tó rọ̀. Àmọ́ àwọn tó wà lábẹ́ fèrèsé Ìyá Onílé, ewé nìkan!

Kí lẹ fẹ́ kí n rò? Láti ọjọ́ ìjà owó iná, Ìyá Onílé àti Ìyá Ẹlẹ́kọ ò kí ara wọn. Ìyá Alákàrà nìkan ni mo sọ fún. Kílẹ̀ tó ṣú, òdìkejì títì ti gbọ́ pé Ìyá Onílé ń da omi iyọ̀ sídìí ìsápá lóru. Iyọ̀ yẹn ò tẹnu mi jáde.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òru ni ìsápá máa ń wọ̀n kó tó tanná. Ojúmọmọ Oṣù Kẹfà níbí tó bíi wákàtí 12 àti ààbọ̀. Tó bá di Oṣù Kẹwàá, ó ti sún sí bíi 12. Èmi ò mọ̀ ọ́n lára, ìsápá mọ̀ ọ́n. Ló bá nawọ́ sí gílóòbù sólà tí Bàbá Onílé so mọ́ ògiri nítorí olè, tó ń tàn láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Òru ò tíì dé bá ìsápá wọ̀nyẹn rárá!

Wọ́n fi agolo bo gílóòbù lápá oko. Kò pẹ́ púpọ̀, òdòdó dé. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, a ká ìsápá.

Ní Sátidé, abọ́ ọbẹ̀ méjì jáde. Ọ̀kan lọ sí yàrá Ìyá Onílé. Ìkejì lọ sọ́dọ̀ Ìyá Alákàrà, òun tó fi iyọ̀ sọ́rọ̀! Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa Ìyá Alákàrà fún yín.