Bí Mo Ṣe Fi Kámẹ́rà Wó Ààfin

Ìyá mi ló kọ́kọ́ figbe ta. Mo fi fọ́tò ààfin àtijọ́ tó wà lórí Òkè Ìdànrè hàn wọ́n lórí fóònù, mo ń retí kí wọ́n ṣàdúrà fún mi. Wọ́n gba fóònù, wọ́n sún un mọ́ ojú, wọ́n ní, "Yéè! Ààfin ti ń wó!" Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti pe ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń ra kòkó ní Odòdè, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè náà. Ọ̀rẹ́ wọn pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé etí àgbàlagbà kan pé ògiri ààfin ti fẹ̀yìn, àti pé bí òjò kan bá rọ̀ sí i, ó parí. Wọ́n ní kí ọmọkùnrin kan gòkè lọ wò ó láàárọ̀. Ọmọ ọlọ́mọ gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600, ó sì bá ààfin níbi tó wà, ó dúró ṣánṣán.

Èmi ni mo wó o. Mo sún mọ́ ọn jù, mo lo lẹ́ǹsì tó máa ń kó ọ̀pọ̀ nǹkan pọ̀ sójú kan, mo wá gbé ojú kámẹ́rà sókè kí òrùlé lè wọ inú fọ́tò. Bí a bá ti gbé e sókè bẹ́ẹ̀, òkè ògiri á jìnnà sí kámẹ́rà ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, àwọn ògiri á máa tẹ̀ síra wọn bí wọ́n ṣe ń ga sí i, ilé á sì fẹ̀yìn lélẹ̀ bó ti wù kó dúró dáadáa tó. Ohun tó yẹ kí n ṣe ò ju kí n fà sẹ́yìn díẹ̀, kí n sì jẹ́ kí kámẹ́rà kọjú sí ògiri tààrà, láìgbé e sókè. Ṣùgbọ́n igbó ló wà lẹ́yìn mi, wèrèpè sì wà nínú igbó náà. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ torí pé mo ti kọ́kọ́ fà sẹ́yìn.

Ọmọ Ìdànrè ni mí, Àkúrẹ́ ni mo ń gbé, nǹkan bí 20 kìlómítà sí ilé. Mo ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan ní iye tí mi ò ní dárúkọ, torí pé ìyàwó mi náà mọ̀wé kà. Òkè ìlú òyìnbó àti odò ìlú òyìnbó ni gbogbo ènìyàn ń gbé kiri lórí fóònù, ó sì ń bí mi nínú. Àwa tí àwọn baba wa gbé orí àpáta títí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀ láàárín 1923 sí 1933 ńkọ́? Ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn oníwàásù dá sílẹ̀ ní 1896 àti kọ́ọ̀tù 1906 ṣì ń bẹ lókè níbẹ̀. Láti 2007 ni orúkọ òkè wa ti wà nínú ìwé UNESCO, láàárín àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí wọ́n kà mọ́ ogún àgbáyé. Ó kù kí ẹnì kan yà á dáadáa, mo sì ti mọ ẹni náà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ́jú sí ọmọkùnrin tó ń mú àlejò gòkè, nígbà tó ní òun yóò tẹ̀ lé mi. Mo ní, "Ṣé ìwọ ni o fẹ́ fi ọ̀nà ilé baba mi hàn mí?" Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó wo àpò tí mo gbé kọ́rùn, ó ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. A ó pàdé lókè."

Ìgbà ọyẹ́ ni, ọ̀sán gangan ni. Ibùsinmi márùn-ún ló wà lójú àtẹ̀gùn náà. Ní ẹ̀kẹta, orúnkún mi ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà kan tó ru igi ìdáná ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú ìsinmi o," wọ́n sì kọjá láìmí gúlegúle. Mo dé òkè, mi ò rí òkè. Eruku ọyẹ́ ti gbé òkè Orósùn mì, gbogbo fọ́tò tí mo yà rí bí ìgbà tí wọ́n da omi ògì lé ayé lórí. Ààfin nìkan, torí pé ó wà nítòsí, ló ṣeé wò, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí ìyẹn dá sílẹ̀.

Wọ́n wá là mí lóye pé lẹ́yìn òjò ni ojú ọ̀run máa ń mọ́ gaara. Mo dúró de òjò, mo sì tún lọ. Omi ni mo fẹ́ yà lọ́tẹ̀ yìí, èyí tó ń ṣàn gba ara àpáta bọ̀; mo fẹ́ kó dán gbọ̀ọ̀rọ̀, kó má ní ìfọ́n kankan. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ lajú pẹ́ díẹ̀ kí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ tó jáde. Kò gbọ́dọ̀ mì, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé e lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ìmọ́lẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fọ́tò á funfun báláú. Gíláàsì dúdú ni wọ́n máa ń fi bo lẹ́ǹsì. Mi ò ní gíláàsì dúdú. Mo bọ́ awò òòrùn tí mo rà ní Ọjà Ọba, mo fi rọ́bà dè é mọ́ lẹ́ǹsì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ṣiṣẹ́. Omi náà dán. Ó kàn jẹ́ pé omi, àpáta, ewé àti ojú ọ̀run pọ́n rúsúrúsú pa pọ̀ ni.

Bí mo ṣe ń sún irin náà síwájú ni ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí àpáta. Mo gbé kámẹ́rà sókè, mo fi ìdí gbalẹ̀. Owó ni mo fi ra kámẹ́rà. Ìdí, ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run fún mi.

Níbi tí mo jókòó sí nínú omi, mo rí àwọn nǹkan dúdú kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan mi, àyà mi já. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí kò sí níbikíbi láyé yìí àfi lórí òkè wa, àwọn onímọ̀ ń pè é ní Sclerophrys perreti. Ọmọ rẹ̀ tí kò tíì hu ẹsẹ̀ kì í gbé inú kòtò omi, ara àpáta tí omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń ṣàn lórí rẹ̀ ló máa ń lẹ̀ mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo yà wọ́n títí bátìrì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nílé, mo fẹ fọ́tò náà lójú kọ̀ǹpútà. Kóró ìbẹ́pẹ ni. Ẹnì kan ló jókòó síbẹ̀ jẹun.

Ṣòkòtò mi ṣì ń kán tótó nígbà tí mo dé ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn tó wà lára àpáta. Àwọn ọmọ iléèwé kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú tíṣà wọn àti ìyá kan tó jẹ́ igbákejì ọ̀gá wọn, ọmọkùnrin tí mo lé ló sì ń mú wọn kiri. Ó ń ṣàlàyé pé kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá ojú ẹsẹ̀ náà mu, ọmọdé, àgbà, àfi ti àjẹ́ àti oṣó. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀gbọ́n ló máa kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́."

Kì í ṣe oṣó ló dá mi dúró, ìbọ̀sẹ̀ ni. Ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti lu, àtàǹpàkò ti ń gbé ìta. Ti òsì jẹ́ ti ọmọ mi obìnrin, àwòrán ológìnní sì wà lára rẹ̀. Inú òkùnkùn ni mo ti wọ̀ wọ́n. Mo ní bàtà mi ṣòro láti bọ́. Gbogbo wọn dákẹ́. Ọmọbìnrin kan rọra fà sẹ́yìn lọ́dọ̀ mi. Mo ní mo ti ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ rí ní kékeré. Ọmọkùnrin kan sọ fún èkejì pé, "Ìgbà yẹn, wọn ò tíì gbà á." Mo bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ bá a mu, wọ́n pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ológìnní ni gbogbo wọn ń wò.

Tíṣà wọn wá sún mọ́ mi. "Fọ́tò, èló ni ẹyọ kan?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, èmi kì í ya ènìyàn. Òkè, omi àti ilé àtijọ́ ni mò ń yà."

Wọ́n ní, "Òkè ló máa sanwó fún yín?"

Mo tò wọ́n síwájú kọ́ọ̀tù àtijọ́. Mo fà sẹ́yìn, mi ò gbé kámẹ́rà sókè, ògiri dúró bó ṣe yẹ, òjò ti fọ ojú ọ̀run, gbogbo àpáta ẹ̀yìn wọn hàn kedere. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde ní Àkúrẹ́, mo fi ránṣẹ́, wọ́n sanwó. Òun nìkan ni fọ́tò tí ẹnikẹ́ni tíì sanwó rẹ̀ fún mi.

Lọ́sẹ̀ kejì tíṣà pè mí. Wọ́n ní ojú igbákejì ọ̀gá àwọn dì nínú fọ́tò náà, inú wọn ò sì dùn. Mo ní mi ò lè la ojú ẹni tó dijú. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, ọmọ kan tó ń ya fọ́tò lẹ́nu géètì àwọn ti gé ojú ìyá náà láti inú fọ́tò mìíràn, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí n ṣáà fi owó iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́.