Oríkì Páṣà Kọ́ńtáàtì, Alágbára Inú Wáyà

Káábíyèsí, Páṣà Kọ́ńtáàtì, ìsopọ̀ wáyà tí kò dán mọ́rán!
Àrẹ̀mọ tépù dúdú, baálé ìdààmú,
A-kú-tún-tàn bí ojú ẹni tó ń ṣẹ́jú sí àfẹ́sọ́nà.
Ọmọ a-fi-eyín-bó-wáyà,
Ọmọ a-lọ́-bàbà-mọ́-bàbà-láìjó-lẹ́ẹ̀dì.
Rẹ́wáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, wá ọ níwájú, o ti bọ́ sẹ́yìn;
Ó wá ọ lẹ́yìn, o ti wọ abẹ́ sítíárì.
Ó pààrọ̀ fúùsì, fúùsì ò jẹ̀bi.
Ó pààrọ̀ bátìrì, bátìrì ò mọwọ́mẹsẹ̀.
Ó bínú gbá dáṣíbọ́ọ̀dù, gbàgà! Iná tàn.
Wọ́n ń kí i kú iṣẹ́, ìwọ lò ń rẹ́rìn-ín.

Ta ni kò mọ̀ ọ́ láti Ọ̀jọ́ọ̀ dé Mọ́níyà? O wà nínú Micra tó ń já èrò sí ibùdókọ̀ rélùwéè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. O wà nínú tírélà tó kọjú sí Ọ̀yọ́. Bí o bá ṣe tìrẹ, dẹ́rẹ́bà á yà sẹ́bàá títì, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, èrò á sọ̀ kalẹ̀, wọn á máa ṣépè fún ẹlòmíì.

Ṣùgbọ́n oyè ilẹ̀ kò tó ọ mọ́, a gbọ́ pé o fẹ́ fò. Wọ́n ti sọ fún ọ pé èèyàn lè ra ọkọ̀ òfuurufú ní ègé-ègé, kó sì tò ó nínú gáréèjì ara rẹ̀. Irú rẹ̀ ni RV-6A ti Van's Aircraft ní Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn ará wa ní Kàdúná fi ṣe Air Beetle tó kọ́kọ́ fò ní 1988. O ní ibi tí wáyà bá pọ̀ tó yẹn, wọn ò lè ṣe é láìsí ìwọ.

Ojú rẹ rí nǹkan. Wáyà ọkọ̀ òfuurufú kò gba eyín. Èyí tó tín-ín-rín bí nọ́ńbà 22 nínú ìwọ̀n wáyà pàápàá, fọ́nrán bàbà 19 ló wà nínú rẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kí ẹyọ kan já. Ẹ̀mú tí wọ́n fi ń fún tẹ́mínà mọ́ ọn kì í yanu títí yóò fi fún un dé ojú ibi tó yẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún fà á wò. Nẹ́gẹ́tíìfù gbogbo ń pàdé sójú kan, kí igbe altanétọ̀ má baà wọ etí awakọ̀.

Má sunkún, ọ̀rẹ́ ìkánjú. Ẹni tó ti to ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ku wáyà kan péré, tí ilẹ̀ ti ṣú, òun ni yóò ránṣẹ́ pè ọ́. Á ní, “Ìyẹn náà á ṣe é.” Nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tàn, rédíò á sọ̀rọ̀; ìwọ á ṣe bí ọmọlúàbí. Ó di òkè! Ẹ́ńjìnnì Lycoming ń yí ìgbà 2,700 ní ìṣẹ́jú kan, ìlù ijó rẹ ló ń lù yẹn. Rédíò dákẹ́, ó sọ̀rọ̀, ó tún dákẹ́. Kò sì sí ẹ̀bá títì lójú sánmà.

(Ẹ jẹ́ kí n dá ìlù dúró díẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998, iná sọ nínú ọkọ̀ òfuurufú Swissair 111 lójú òkun Kánádà, ẹni 229 ló bá a lọ. Àwọn olùṣèwádìí ní ó jọ pé wáyà tó ta iná ló ràn mọ́ aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ inú ara ọkọ̀. Kì í ṣe ìwọ gan-an, ìbátan rẹ ni. Ẹ máa lù ú.)

Páṣà, owó ìyìn mi dà? Rẹ́wáyà ń jẹ lára rẹ: ó gba owó ìwá-ọ lọ́jọ́ Ajé, ó gba ti ìtún-wá-ọ lọ́jọ́ Ẹtì. Èmi tí mo kì ọ́ láti àárọ̀, ki ọwọ́ bọ àpò kíá. Ẹnìkan ló ń gbé ẹ̀mú bọ̀ yìí.